Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín màmá mi bí wọ́n bá ń fọnu: kí ni ká ṣe?

Àdùnní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá ń fọnu láàárọ̀, itọ́ tí wọ́n ń tu jáde máa ń pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Mo yẹ ẹnu wọn wò: èrìgì wọn níwájú nísàlẹ̀ wú, ó ń dán, bí mo sì ṣe rọra fi ìka kàn án ni ẹ̀jẹ̀ tún yọ. Eyín kan níbẹ̀ ti ń mì díẹ̀. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé bí àgbà ṣe ń rí nìyẹn, pé bí eyín ìyá tó bí wọn náà ṣe bọ́ tán nìyẹn. Nítorí ẹ̀jẹ̀ yìí, wọn kì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ orí ló fà á? Ṣé kí wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ ni?

Ìyá Tólú:
Àdùnní, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, ohun tí màmá yín sọ yìí sì ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà jù lọ. Ọjọ́ orí kì í mú èrìgì ṣẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ o, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n fọ̀ dáadáa jù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé, bí èèyàn bá fọnu tán, kò ní pẹ́ tí kòkòrò àìfojúrí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ojú ibi tí eyín ti wọnú èrìgì. Ìdọ̀tí náà fẹ́lẹ́, ó ń yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti eyín, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í tètè rí i. Bí a bá fi í sílẹ̀, èrìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà: á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ti kàn án. Bó bá wá pẹ́ sí i, ìdọ̀tí yẹn á gan mọ́ eyín, á le koko. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè hó o kúrò mọ́ nígbà yẹn, àfi irinṣẹ́ dókítà eyín.

Lọ́dún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn le dáadáa ṣíwọ́ fífọ eyín pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe arúgbó. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí fífọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló gbà kí ara èrìgì wọn tó bọ̀ sípò. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún màmá. Bí ẹnu ọ̀dọ́ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, a ò lè di í ru ọjọ́ orí.

Àmọ́ eyín tó ń mì yẹn ló ká mi lára. Wíwú àti ẹ̀jẹ̀ nìkan ṣì lè lọ tán pátá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé egungun tó di eyín mú, tó ń jẹ ẹ́, ohun tó ti jẹ kò ní padà. Ohun tí ìtọ́jú lè ṣe ni kó má jẹ́ kó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ilé wò ó. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láìpẹ́, kódà bí kò bá dùn wọ́n. Àrùn yìí kì í sábà dunni títí tó fi máa ń ti jìnnà.

Àkànbí:
Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ jẹ́ kí màmá máa fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi lò ó, ó sì bá mi ṣe é. Kò tíì di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ìyá Tólú:
Àkànbí, omi iyọ̀ kò burú, ó ń mú kí ara tu ibi tó wú. Kò lè ká ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ eyín kúrò, ká má tíì sọ èyí tó ti gan sábẹ́ èrìgì. Ohun tí mo ń rí lójú iṣẹ́ ni pé ìrora á lọ, oníǹkan á fọkàn balẹ̀, àrùn á máa bá tirẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Kí màmá máa lò ó bó bá tù wọ́n lára, ṣùgbọ́n kó má di ìdí tí wọn ò fi ní lọ.

Bákan náà ni omi ìfọnu tí wọ́n ń tà. Èyí tó bá ní ọtí nínú lè mú ẹnu gbẹ, ẹnu àgbà sì ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ fúngbà díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, nítorí pé ó ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì máa ń da adùn ẹnu rú. Ẹ má lò ó lórí ọṣẹ ìfọyín lójú ẹsẹ̀, torí ohun tó ń mú ọṣẹ hó kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bàbá Ìbejì:
Àdùnní ọmọ mi, àgbà ni èmi náà, àtọ̀gbẹ sì ti pẹ́ lára mi, torí náà ọ̀rọ̀ màmá rẹ yé mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ èrìgì mi wò, dókítà náà mú irin tín-ín-rín kan tí wọ́n fa ìlà sí lára, ó ń rọra kì í bọ àárín eyín àti èrìgì, ó ń ka nọ́ńbà, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀: méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́fà. Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà ọ̀hún túmọ̀ sí. Ó ní bí àlàfo abẹ́ èrìgì ṣe jìn tó ni. Mìlímítà 1 sí 3 kò léwu. Bó bá ti di 4 sókè, wọ́n á fura. Èyí tó bá jìn tó 6, búrọ́ọ̀ṣì inú ilé kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láéláé. Bí ẹ bá débẹ̀, ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà màmá rẹ fún ọ, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o lè fi wé èyí tí wọ́n máa rí nígbà míì.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú tipiri, wọ́n wá fọ abẹ́ èrìgì ní apá kan lónìí, apá kejì lọ́jọ́ míì. N kò jẹ̀rora. Ohun tó yẹ kó o ti sọ fún màmá rẹ ṣáájú ni pé, lẹ́yìn ìfọ̀ yìí, eyín á dà bíi pé ó gùn sí i, àlàfo á hàn láàárín wọn, omi tútù á sì máa ta wọ́n fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń bínú, tí wọ́n ń sọ pé dókítà ba eyín àwọn jẹ́, tí wọn ò ní padà lọ mọ́. Wíwú ló lọ sílẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí àrùn ti jẹ tẹ́lẹ̀, tí èrìgì wíwú bò mọ́lẹ̀, ló wá hàn síta.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló gbà ń ṣiṣẹ́. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á dín kù, èrìgì á sì tètè bàjẹ́. Bí èrìgì bá sì ti ń wú lọ́sàn-án lóru, òun náà kì í jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá tọ́jú èrìgì, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn lè wálẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé kéèyàn jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí dókítà àtọ̀gbẹ màmá rẹ mọ̀ pé èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, kí dókítà eyín náà mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ wọn.

Fọlákẹ́:
Ẹ ṣeun Bàbá. Apòògùn ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ oògùn kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í wò.

Àdùnní, ẹ wo orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá. Bó bá jẹ́ amlodipine tàbí nifedipine, wọ́n lè mú kí èrìgì àwọn kan máa hù, kó nípọn, kó máa gun orí eyín bọ̀. Ó máa ń burú sí i níbi tí ìdọ̀tí bá wà. Phenytoin tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró fúnra wọn! Kí ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́, bóyá wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Èkejì ni ẹnu gbígbẹ. Àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀, ti ìdààmú ọkàn, ti ara yíyún, ti àpòòtọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ń dín itọ́ kù, àgbàlagbà sì lè máa lo bíi mélòó kan pọ̀. Itọ́ ló ń fọ ẹnu ní gbogbo ọjọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bó bá dín kù, kòkòrò á ráyè. Bí èrìgì bá tún ti fà sókè, gbòǹgbò eyín á wà níta, kò sì ní ohun líle tó bo orí eyín, ìyẹn ló fi jẹ́ pé eyín àgbà máa ń jẹrà ní ìdí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n yé máa lá súìtì olóṣúgà torí pé ẹnu gbẹ. Dókítà eyín lè kọ ọṣẹ tí fluoride rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo eyín, pọ̀ dáadáa, èyí tó tó 5,000 ppm (ìwọ̀n fluoride tí wọ́n ń kọ sára páálí ọṣẹ), fún ẹni tí ìdí eyín rẹ̀ bá ń jẹrà. Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gba ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ gbogbo oògùn wọn sínú ìwé kan kí ẹ mú un dání. Méjì wà tí dókítà eyín gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó yọ eyín kankan. Ọ̀kan ni oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, clopidogrel, tàbí aspirin. Èkejì ni oògùn tí wọ́n fi ń gbé egungun ró, bíi alendronate tí wọ́n ń gbé mì àti denosumab tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn eyín yíyọ, egungun àgbọ̀n àwọn tó ń lo ti egungun yìí lè kọ̀ láti jinná. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó le nígbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ó sàn kí wọ́n ti parí iṣẹ́ eyín kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tólú:
Fọlákẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ti aspirin yẹn, mo ti rí àwọn tó dá a dúró fúnra wọn torí pé wọ́n fẹ́ yọ eyín. Dídá a dúró bẹ́ẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀, rọpárọsẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi eyín kan rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sìgá náà kí n má baà gbàgbé. Èrìgì ẹni tó ń mu sìgá lè má ṣẹ̀jẹ̀ rárá, torí pé sìgá ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Oníǹkan á rò pé òun sàn, bẹ́ẹ̀ egungun ń jẹ lọ. Bí ẹnì kan bá jáwọ́ nínú sìgá, tí èrìgì rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kó má padà sídìí rẹ̀ o.

Àdùnní:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Amlodipine wà lára oògùn wọn lóòótọ́, mi ò mọ̀ rí pé ó lè kan eyín. A ti bá dókítà eyín dá ọjọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, báwo ni kí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́? Làkúrègbé ń da ìka wọn láàmú, wọn ò lè di nǹkan tín-ín-rín mú fún ìgbà pípẹ́.

Ìyá Tólú:
Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí orí rẹ̀ kéré ni kí ẹ rà. Ẹ má gbé e lé ojú eyín gbalaja. Ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí ìdajì irun rẹ̀ wà lórí eyín, kí ìdajì tó kù dojú kọ ibi tí èrìgì ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n wá máa mì ín pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lójú kan, eyín méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó sún síwájú. Kí wọ́n má rin ín o, agbára kọ́ ló ń fọ eyín, rírin ín mọ́lẹ̀ ló ń bó èrìgì. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti ń fẹjú síta kó tó pé oṣù mẹ́ta, ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ti le jù.

Kí wọ́n má gbàgbé ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, níhà ọ̀dọ̀ ahọ́n. Itọ́ ń dà síbẹ̀ látabẹ́ ahọ́n, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti máa ń tètè gan jù lọ. Ó dá mi lójú pé bí ẹ bá mú dígí kékeré àti iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó dì mọ́ ẹ̀yìn eyín màmá níbẹ̀. Kí ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ hó o. Ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n tí wọn ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì dáadáa, kí wọ́n má fi ti alẹ́ ṣeré, torí itọ́ máa ń dín kù bí èèyàn bá ti sùn. Ọṣẹ tó ní fluoride 1,350 sí 1,500 ppm ló dára fún àgbà, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ tán, kí wọ́n tu ìfóòfó náà dànù, kí wọ́n má fi omi ṣan ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín.

Fún ìka tó ń dùn wọ́n, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù wé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì kó tóbi, tàbí kí ẹ ra oníbátìrì tó ń mì fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi tẹ́lẹ̀, gbígbé e lójú eyín nìkan ló kù. Kí wọ́n jókòó fọ̀ ọ́. Kò sí òfin tó ní kí èèyàn nàró.

Àárín eyín ló wá kù, ibẹ̀ ni àrùn èrìgì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, orí búrọ́ọ̀ṣì ńlá kò sì dé ibẹ̀. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń fà gba àárín eyín dára fún àárín tó fún, ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí àlàfo ti wà láàárín eyín wọn, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ àárín eyín ló ń mú iṣẹ́ yá jù. Ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín yan èyí tó bá a mu: kó kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má sì jẹ́ pé ẹ ń fi tipátipá tì í. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ẹ má bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ń ṣe é lójoojúmọ́, á máa dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá dín kù, ìdọ̀tí líle ṣì wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

Akin:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé a kò kàn ń fi àkókò ṣòfò ni? Eyín á ṣáà bọ́ nígbà tó bá yá.

Bàbá Ìbejì:
Rárá o, Akin. Ní Japan, láti ọdún 1989, ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní 8020: kí ẹni tó bá pé 80 ọdún ṣì ní eyín 20 tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016 fi hàn pé ó ti lé díẹ̀ ní ìdajì. Ènìyàn bí tiwa ni wọ́n. Ó dùn mí bí ọ̀dọ́ bá ń sọ pé eyín òbí òun á ṣáà bọ́, torí ẹni tí eyín rẹ̀ bọ́ ló mọ ohun tó ń bá a lọ: ohun tó lè jẹ, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bóyá ó lè rẹ́rìn-ín láàárín àwùjọ.

Àlàbá:
Bàbá, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Tèmi ni pé bàbá mi ní àrùn ìgbàgbé, eyín díẹ̀ ló kù wọ́n, wọ́n sì ń lo eyín àtọwọ́dá lókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nílé wa fún ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn.

Àkókò tí ọkàn wọn balẹ̀ ni mo ń yàn, kì í ṣe àkókò tó rọ èmi lọ́rùn. Fún bàbá, lẹ́yìn ìwẹ̀ ni. Iwájú dígí ni wọ́n ń jókòó sí, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lẹ́yìn díẹ̀, nítorí bí mo bá kọjú sí wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì sí wọn lọ́wọ́, màá gbé ọwọ́ mi lé tiwọn, a jọ ń fọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ wọn á rántí iṣẹ́ náà, màá sì rọra yọ tèmi kúrò. Gbólóhùn kan péré lẹ́ẹ̀kan: "Bàbá, ẹ la ẹnu." Bí wọ́n bá kọ̀, mo ń fi í sílẹ̀, màá padà wá tó bá yá. N kì í fi ipá là wọ́n lẹ́nu, n kì í sì í ki ìka bọ àárín eyín wọn. Ọṣẹ tí kò hó púpọ̀ ni mo ń lò, ìwọ̀nba bíńtín, torí pé gbígbé nǹkan mì ti ń ṣòro fún wọn, mo sì ń rí i pé wọ́n jókòó ṣánṣán.

Eyín àtọwọ́dá wọn, mo ń yọ ọ́ lálẹ́. Ìwádìí kan jáde ní Japan lọ́dún 2015, lórí àgbàlagbà 524 tí wọ́n ti pé ọdún 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi eyín àtọwọ́dá sùn ní ewu òtútù àyà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Kòkòrò inú ẹnu lè bá itọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sùn. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ olómi ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, ìyẹn máa ń ha á lára, kòkòrò á sì ráyè fara pamọ́ sójú ibi tó ti ha. Omi gbígbóná lè yí i dà, kó má bá ẹnu mu mọ́. Mo máa ń da omi sínú abọ́ tàbí kí n tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ kí n tó máa fọ̀ ọ́, torí bó bá jábọ́ sórí ibi líle, ó lè là.

Àkànbí:
Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, ìyá ìyàwó mi kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́. Ṣé irú wọn náà ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín?

Ìyá Tólú:
Wọ́n ní, Àkànbí. Èrìgì, ahọ́n àti òkè ẹnu ṣì ń fẹ́ fífọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gan-an. Kí dókítà sì máa yẹ ẹnu wọn wò fún egbò tàbí àmì pupa tàbí funfun tí kì í lọ. Egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìjinná, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, jẹjẹrẹ ẹnu lè bẹ̀rẹ̀ láìdunni.

Gbogbo ilé, ẹ gbọ́ èyí náà: bí ojú tàbí ọrùn bá wú, tí ara gbóná, tí àgbàlagbà kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí mímí ń ṣòro, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ bá dókítà eyín dá.

Akin:
Ẹ ṣeun Bàbá, mo ti gbọ́. Màmá mi àgbà fẹ́ wọ ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n á sun ibẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò lókè àti nísàlẹ̀. Kí ni kí n mú dání fún wọn?

Àlàbá:
Mú ike tó ní ìdérí, kí o kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára rẹ̀ àti sára ìdérí. Dókítà eyín lè bá ọ kọ orúkọ sára eyín náà fúnra rẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá gbà wọ́n wọlé pé eyín wọn ṣeé yọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bébà ìnuwọ́ wé e lórí àwo oúnjẹ tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o dànù mọ́ ìdọ̀tí. Búrọ́ọ̀ṣì wọn náà, má gbàgbé.